Ilé Àlejò Kan Lójú Ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Àjèjì Wọlé

Yàrá wọn mọ́, omi ń yọ láàárọ̀ lálẹ́, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ kì í pẹ́ kó tó dáhùn. Ó tán síbẹ̀. Orí tábìlì akọ̀wé wọn ni ọ̀rọ̀ wà, pàápàá fún ẹni tó bá ní àlejò láti Tógò, Gánà tàbí Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi wọ̀ síbẹ̀.

Ní géètì, báàgì gbogbo ẹni tó bá dé ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ti ọmọ Ìbàdàn bíi ti ará Gánà. Èyí dára gan-an. Ibi tí wọ́n bá ti ń yẹ ti àjèjì nìkan wò, ẹni ibi tó gbọ́ Yorùbá yóò kàn rọra kọjá ni. Nínú ìwé ńlá wọn, wọ́n ń kọ orúkọ, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ tó wọ Nàìjíríà, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó gbà á lálejò. Ojú ẹsẹ̀ ni akọ̀wé ń pe nọ́ńbà yẹn. Ìpè ìṣẹ́jú kan yìí wúlò ju ogún ìbéèrè lọ, kì í sì í bu àlejò kù.

Kíkọ ló ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú páásípọ́ọ̀tù Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, "Nom" ni orúkọ ìdílé, "Prénoms" ni orúkọ àbísọ. Akọ̀wé ń yí wọn po. Ará Amẹ́ríkà máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́: "03/04" tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Kí wọ́n máa fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù. Ní ti nọ́ńbà, ìlà méjì ló wà nísàlẹ̀ ojú ewé tí fọ́tò wà. Àmì mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nínú ìlà kejì ni nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù. Kí wọ́n fi wé ti òkè, torí lẹ́tà O àti òdo jọra.

Àléébù tó burú jù ni pé fọ́ọ̀mù wọn kì í gbà kí àyè NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti Nàìjíríà, ṣófo. Òfin ọdún 2007 tó dá NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, sílẹ̀ fún àjèjì láyè láti gba NIN tó bá ti gbé níbí lọ́nà ẹ̀tọ́ fún ọdún méjì, ó kéré tán. Ibo ni ẹni tó dé lánàá fẹ́ ti rí i? Òdo mọ́kànlá ni akọ̀wé ń kọ fún gbogbo wọn. Bí ọlọ́pàá bá wá wá ẹnì kan lọ́la, òdo náà ni wọn máa bá.

Wọ́n tún ń gba páásípọ́ọ̀tù mọ́jú, sínú dúrọ́ọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ àlejò dúró lọ́nà Ọ̀yọ́, kí ni yóò fi hàn? Ẹ̀dà ojú ewé méjì ti tó: èyí tí fọ́tò wà, àti èyí tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ ní bodè. Kí wọ́n kọ "ti ilé àlejò nìkan" àti déètì gba àárín rẹ̀ kọjá. Fọ́tò tí akọ̀wé ń fi fóònù ara rẹ̀ yà, tó ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí WhatsApp, kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀; òfin ààbò ìsọfúnni ti wà láti ọdún 2023.

Àdéhùn 1979 ti ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún ọmọ orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ náà láyè 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọjọ́ inú òǹtẹ̀ bodè la fi ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ̀wé ń dá ará Nìjẹ̀r padà, torí orílẹ̀-èdè wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní 2025, àwọn pẹ̀lú Màlì àti Burkina Faso. Àṣìṣe ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ECOWAS ní kí àwọn tó kù ṣì máa gbà wọ́n wọlé láìgba físà títí àṣẹ mìíràn yóò fi jáde. Bí ọjọ́ ẹnì kan bá sì ti kọjá, kì í ṣe akọ̀wé ló ń lé èèyàn. Ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n ni kó júwe fún un.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n bá jẹ́ kí àjèjì fi àyè NIN sílẹ̀ lófìfo, tí wọ́n sì ra kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ fún àwọn ẹ̀dà, a ó fi ìkẹrin kún un.