Wọ́n Pe Ohùn Òfì ní Ariwo: Àgbéyẹ̀wò Ilé-iṣẹ́ Kan Tó Bá Mi Ṣe Podcast

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi apá kẹta ètò mi ránṣẹ́ sí mi. Kí n tó gbọ́ ọ dé ìdajì, mo ti dìde lórí àga nínú ìsọ̀ láìmọ̀, nítorí pé ohun tí mo sanwó fún kọ́ nìyẹn.

Aṣọ òfì ni mò ń tà ní Ìsẹ́yìn. Àwọn tó ń wá sányán gidi, oríṣi òfì kan, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kì í tán: ṣé òwú ara ìtẹ́ kòkòrò ni àbí òwú ilé-iṣẹ́, kí ló dé tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe funfun tí kì í sì í ṣe pupa, báwo ni ojú ṣe lè dá ayédèrú mọ̀. Mo dáhùn wọn lórí WhatsApp títí ó fi sú mi, ni mo bá gbà pé kí n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí podcast. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi fún apá 6: wọn yóò gba ohùn sílẹ̀, wọn yóò tún un ṣe, wọn yóò sì gbé e sórí Spotify àti Apple Podcasts. (Ọ̀fẹ́ ni èèyàn lè fi gbé ètò tirẹ̀ sórí Spotify. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi kí n tó sanwó.)

Apá kìíní àti ìkejì kò ní àbùkù. Apá kẹta ni wàhálà. Ìdí òfì, ìyẹn igi tí a fi ń hun aṣọ náà, ni a ti gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àbúrò bàbá mi, ẹni tó ń hun aṣọ lọ tó sì ń ṣàlàyé bí a ṣe ń rẹ òwú ẹtù, oríṣi òfì mìíràn, láró léraléra títí yóò fi dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Níbòmíràn bàbá á dákẹ́, ọkọ̀ òfì tó ń gbé òwú kọjá nìkan á máa sáré láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ibẹ̀. Wọ́n yọ ohùn òfì náà pátá, wọ́n gé gbogbo ibi tí bàbá ti mí, wọ́n sì fi orin ìpolówó sí i lábẹ́, débi pé bàbá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Màdáàmù, ariwo ni ẹ̀rọ yọ." Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ka ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn sí ariwo, òfì kò sì mọ ọ̀rọ̀ ènìyàn sọ. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀gá wọn ní àtúnṣe yóò jẹ́ ₦15,000. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò yìí, àkọlé tí mo kọ́kọ́ fún un kò ṣeé tẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ńbà tí n kò mọ̀ pè mí, ọmọkùnrin kan ni. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni mo tún ohùn bàbá ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Kò gbọ́ ohùn òfì rí láyé rẹ̀, ó rò pé ẹ̀rọ ìlọta ni. Ó ṣì ní ohùn àkọ́kọ́ lọ́wọ́. A jọ gbọ́ ọ lórí fóònù títí ó fi kù díẹ̀ kí aago 12 òru lù, bó bá ti ń bi mí ni mò ń sọ pé kó fi í sílẹ̀. Ó dé ibi tí bàbá ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 11. "Mà, ṣé kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan rárá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Kò gba kọ́bọ̀.

Àwọn tó gbọ́ apá yẹn kò tíì pé 300, ṣùgbọ́n inú wọn ni oníbàárà 5 ti wá láàárín oṣù méjì. Obìnrin kan láti Peckham ní London fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, mò ń gbọ́ òfì wa tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń béèrè ẹtù fún ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin ilé wọn, aṣọ 14.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ṣì fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n san ₦15,000. Títí di òní, ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ètò mi ni pé àǹkárá ni mò ń tà. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Mo ti san owó apá 6 mìíràn, pẹ̀lú àdéhùn pé ọmọkùnrin yẹn nìkan ni yóò fọwọ́ kàn án.