Journal en français facile ti RFI: ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo fi ń kọ́ Faransé, èsì yín rèé. Ètò ìròyìn kan ni, Journal en français facile ni wọ́n ń pè é, RFI tó jẹ́ rédíò ìjọba ilẹ̀ Faransé ló ń ṣe é, ìṣẹ́jú 10 péré lójúmọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọn ò ní gba nọ́ńbà káàdì báńkì yín, wọn ò ní ní ọ̀fẹ́ ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí wọ́n tó wá máa yọ owó lábẹ́lẹ̀ bí áàpù kan tí mi ò ní dárúkọ ṣe ṣe fún mi. Ẹ lọ sí francaisfacile.rfi.fr tàbí kí ẹ wá a níbi tí ẹ ti ń gbọ́ podcast, ẹ dáńlóòdù ẹ̀ nígbà tí wáìfáì bá wà, ó parí.

Bó ṣe máa ń lọ ni pé wọ́n á ka ìròyìn, tí ọ̀rọ̀ tó le bá ti yọjú, wọ́n á dúró tú u sí Faransé tó rọrùn, kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀. Ká ní wọ́n mẹ́nu ba "cessez-le-feu", ẹ ó gbọ́ "c'est-à-dire", ìyẹn "èyí túmọ̀ sí pé", lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á wá ṣàlàyé pé àwọn tó ń jà ti gbà láti má yìnbọn síra wọn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè fi ohùn oníròyìn tó wà níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i, tàbí ti ará àdúgbò kan tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lójú títì, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, torí onítọ̀hún ò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ òun, á kàn máa da ọ̀rọ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n sọ látòkè délẹ̀ ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ohùn yẹn. Ká ní wọ́n ń gbowó ni, ohun tí màá sanwó fún nìyẹn.

Wàyí o, ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo júwe ẹ̀ fún ni ò rí nǹkan kan gbé níbẹ̀, tí mo bá sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n á ní tuntun làwọn ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ jàre. Ẹ mú ẹyọ kan kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn títí á fi sú yín, tó bá ti sú yín ẹ tún gbọ́ ọ sí i. Èmi máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìwo nǹkan kan, kódà tó bá jẹ́ Paris àti président nìkan ni mo mú nínú ẹ̀, kò burú. Lẹ́yìn náà màá ṣí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀, màá máa fojú bá a lọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, màá dá a dúró, màá dá a padà sẹ́yìn, màá wá pa á dé kí n tún gbọ́ ọ láìwò. Ìgbà yẹn ló wá kàn kí n máa sọ ọ́ tẹ̀lé wọn, sókè o, kì í ṣe nínú ikùn. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà-Ìpájà sí Ọ̀ṣòdì ni mo ti ń ṣe tèmi, kọ̀ńdọ́ kan tiẹ̀ bi mí rí bóyá àdúrà ni mò ń gbà.

Etí lẹ ó kọ́kọ́ rí i pé ó ń yí padà. Ẹ wo "ils ont" àti "ils sont". Àkọ́kọ́ ni wọ́n ní nǹkan, ìkejì ni wọ́n jẹ́ nǹkan tàbí wọ́n wà níbì kan, ohun tó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ létí ò ju "z" àti "s" lọ. Yorùbá ò ní "z", ṣebí Sàínábù là ń pe Zainab, torí náà bákan náà ni méjèèjì ń dún létí mi, tísà tó kọ́ wa ní ṣẹ́kọ́ńdìrì náà sì ń pè wọ́n bákan náà. "An" àti "on" tún wà ńlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ á máa tiraka kó tó lè fi imú sọ̀rọ̀, àwa ti ní ìyẹn láti ilé wá, ṣùgbọ́n "an" àti "ọn" tiwa, ohùn kan náà ni, tiwọn kì í ṣe ohùn kan náà rárá, tí ẹ ò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀, "cent" tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún àti "sont" á máa dàrú mọ́ yín lójú. Kò sí àlàyé gírámà tó tún èyí ṣe fún mi, àfi kí n máa gbọ́ gbólóhùn kan náà lágbọ̀ọ́túngbọ́ títí tí "z" yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá dún.

Nọ́ńbà náà ń kọ́? Àwọn kan máa ń fi Faransé ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló dé tí 80 fi jẹ́ ogún mẹ́rin, àbí ọgọ́rin tiwa kì í ṣe ogún mẹ́rin ni. Ibi tó ti le ni pé ẹni tó ń ka ìròyìn á sọ "mille neuf cent quatre-vingt-dix-sept", ìyẹn 1997, bí ẹni mumi, tí ẹ bá ti gbọ́ "quatre-vingt" ẹ ò tíì mọ̀ bóyá 80 ni tàbí 90, ẹ gbọ́dọ̀ dúró de èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tó dúró dè é tán wọ́n ti bọ́ sórí ìròyìn míì.

Ibi tó kù sí nìyí. Mo ń ta ànkárá, Kútọnu ni mo ti ń rajà, lọ́jà Dantokpa, kò sì sẹ́ni tó ń sọ cessez-le-feu níbẹ̀. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ ìdìbò, omíyalé àti ìyanṣẹ́lódì ní Faransé dáadáa kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ bá mi dín in kù. Faransé ọ̀hún gan-an yàtọ̀ lẹ́nu àwọn ará Kútọnu sí ti àwọn oníròyìn Paris, àwọn tó ń tajà sì ń fi èdè Fọn sọ ohun tí wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́, tí wọ́n bá wá fura pé ọmọ Yorùbá ni yín, Yorùbá ni wọ́n á fi dá yín lóhùn, gbogbo Faransé tí ẹ kó wá á dẹrù orí lásán. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun míì ni pé ìjọba Faransé ló ń náwó sí rédíò yìí, Mali àti Burkina Faso ti lé e kúrò lórí afẹ́fẹ́ ní 2022, Niger náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Tí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn Sahel níbẹ̀, èdè lẹ wá kọ́ o, ẹ má gbé ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀ mì mọ́ ọn. Wọ́n sì ní ẹ̀ka Haúsá tó wà l'Ékòó níbí láti 2007, Yorùbá tó jẹ́ onílé ò tíì sí nínú ètò wọn.

Tí ẹ ò bá tíì mọ̀ ju "je m'appelle" lọ, ẹ fi í sílẹ̀ ná, á kàn bí yín nínú ni. Ibi ìkọ́ Faransé ti TV5MONDE, tẹlifíṣọ̀n elédè Faransé, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ, ọ̀fẹ́ lòun náà, wọ́n pín in sí ìpele láti A1 tó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ dé B2 tó wà fún ẹni tó ti gbọ́ ọ dáadáa, fídíò kéékèèké tí ẹ ó máa wò láwòtúnwò tí ẹ ó sì dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀. Ẹni tó bá láyè láti jókòó tì í pátápátá, French Village wà ní Àjàrá l'Àgbádárìgì láti 1991, ibẹ̀ làwọn tó ń kọ́ Faransé ní yunifásítì máa ń lọ gbé kí ẹnu wọn lè là. Ti TV5MONDE yẹn, dátà ló máa ń jẹ ṣá torí fídíò ni, dátà òru ni kí ẹ fi wò ó.