Ọ̀rọ̀ ọkọ tàbí ọ̀rọ̀ aró: ọ̀nà méjì láti kọ ìjíròrò obìnrin

Ká ní ìyá aláró kan àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní Ìtọ́kù, l'Abẹ́òkúta.

Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ọkùnrin ṣáá. Ó yá láti kọ. Ṣùgbọ́n pa orúkọ àwọn méjèèjì rẹ́ kí o tún un kà: o ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí ọ̀rọ̀ jáde látinú iṣẹ́. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ya àrà sáṣọ, kí aró má bàa wọ ibẹ̀, kò tíì gbẹ tí wọ́n fi ri aṣọ náà sínú aró. Aró ti wọ ibi tó yẹ kó funfun.

“Ta ló ní kí o rì í?”

“Ẹ̀yin lẹ ní oníbàárà ń bọ̀ lọ́sàn-án, mà.”

“Mo ní ó ń bọ̀. Mi ò ní kí o rì í.”

Ìlà mẹ́ta péré. Ìyá ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ò gbà kí wọ́n di ẹ̀bi náà rù ú. “Ẹ” àti “o” ti fi àgbà hàn. Má wulẹ̀ kọ “ó fìbínú sọ” mọ́.

Èyí dára jù ní tèmi, àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀: ìyá lè di olùkọ́. Kò sí aláró tó máa ṣàlàyé ohun tí ẹ̀kọ wà fún fún ẹni tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì. Jẹ́ kí aṣọ tó bàjẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ náà lè wọ inú ìjíròrò, bí ó bá jẹ́ pé òun ló yá owó èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, tí kò dá a padà.