Ẹ ṣọ́ra o! Gbájúẹ̀ ń ta ilé onílé ní Old Bódìjà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé rà ní Old Bódìjà n'Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń rán ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ bá yín wo ilé, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ajẹ́ntì kan wà níta tó ń ta ilé tí kì í ṣe tiẹ̀, tí onílé gan-an ò sì rán an níṣẹ́. Ó ti gbowó lọ́wọ́ àwọn kan. Mi ò dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ agbófinró, àmọ́ màá sọ bó ṣe ń ṣe é.

Ilé yẹn dáa lójú o, ká má parọ́. Bọ́ńgálò àtijọ́ ni, irú èyí tí Housing Corporation, àjọ ìjọba tó ń kọ́ ilé, kọ́ láyé Western Region, ọgbà ńlá, igi máńgòrò níwájú, igi frúùtù lẹ́yìn, atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ ò ní gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọlọ́kadà. Ẹni tó bá ti gbé Ìwó Road rí, tó bá débẹ̀ orí ẹ̀ á wú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester ló ní kí n lọ wò ó, fọ́tò lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp tó ti ń sọ ibi tóun máa gbé àga sí lábẹ́ igi.

₦95 million ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá mọ ọjà Bódìjà mọ̀ pé owó yẹn ò jọ ọgbà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mo bi ajẹ́ntì, ó ní látìgbà tí nǹkan ti bú gbàmù ní Bódìjà ní January 16, 2024 ni ẹ̀rù ti ń ba bàbá onílé, wọ́n ti bá àwọn ọmọ wọn lọ sí Canada, wọn ò fẹ́ padà wá mọ́, wọ́n kàn fẹ́ kówó wọn jáde kíá. Ẹ gbọ́ ná, ọ̀rọ̀ tó dun gbogbo Ìbàdàn, tí èèyàn kú sí, tí ilé wó, òun lẹnì kan wá sọ di ìpolówó ọjà. Olúwa á dá a lẹ́jọ́.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ó ṣí géètì, ó ṣílẹ̀kùn, ó tanná, ó mọ ibi tí pọ́ńpù omi wà. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń jẹ́ káwọn èèyàn gbà á gbọ́, àṣé ńṣe ni wọ́n rẹ́ǹtì ilé yẹn fún ọdún kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílé, wọn ò sùn níbẹ̀ rí, kí wọ́n lè máa mú èèyàn wá wò ó ni. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú wà lára fẹ́ńsì. Lọ́wọ́ ọ̀tún géètì, wọ́n fi pẹ́ńtì funfun tuntun kun ibì kan tí ò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, gbogbo ibi tó kù lára fẹ́ńsì ti dúdú, òjò ti pa á. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn ẹ máa rí lẹ́tà pupa tó ń yọ lábẹ́ ẹ̀, NOT FOR SA, ìyókù ò hàn mọ́. Mo bi í, ó ní àwọn ọmọ iléèwé ló kọ ìkọkúkọ síbẹ̀. Ọmọ iléèwé wo?

Ó wá mú C of O jáde, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún onílẹ̀, fọ́tókọ́pì, ó ní orígínà wà ní Canada. Ìwé yẹn pọ́n bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú tíì, ó ní òǹtẹ̀, ó ní àmì ìjọba, wọ́n kọ Oyo State of Nigeria sórí ẹ̀ gàdàgbà, ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ sì jẹ́ 1972. Ẹ̀yin ará, kò sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kankan ní 1972! Western State la wà nígbà yẹn, February 1976 ni wọ́n tó dá Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Land Use Act tó gbé C of O tá a mọ̀ lónìí wá gan-an, 1978 ni, láyé Ọbásanjọ́ ológun. Olè ò ka ìtàn.

Lọ́yà wa ṣe search, ìyẹn ni pé ó yẹ àkọsílẹ̀ ilé náà wò, ní Lands, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ní Sẹkitéríàtì, ó sì tún wo fáìlì lọ́dọ̀ Housing Corporation, torí ọ̀dọ̀ wọn ni fáìlì Old Bódìjà wà. Orúkọ mìíràn pátápátá ló bá níbẹ̀, bàbá kan tó ti dolóògbé. Search yìí náà ló máa ń sọ fún yín bóyá wọ́n ti fi ilé yá owó ní báǹkì tàbí ẹjọ́ wà lórí ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò pọn dandan. Ẹ má sì lo lọ́yà tí ajẹ́ntì bá mú wá, ẹ wá tiyín. Tí onílé bá ti kú, ẹ bèèrè letter of administration, ìwé tí kóòtù fi ń fún àwọn kan láṣẹ lórí ogún olóògbé, ẹ sì rí i pé gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Tó bá jẹ́ ilé ẹbí, tí olórí ẹbí ò bá fọwọ́ sí i, ẹ ò tíì ra nǹkan kan. Consent gómìnà, ìyẹn àṣẹ tí gómìnà ń fọwọ́ sí kí ilé tó di tiyín, òun náà ńkọ́? Wọ́n á ní ìyẹn á tẹ̀ lé e tó bá yá. Ẹ jẹ́ kó wọ agreement kẹ́ ẹ tó san tán.

Ibi tí wọ́n ti ń rí owó jẹ kíákíá ni commitment fee, ₦3 million, pé kí wọ́n fi bá yín di ilé mú, torí ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́la. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì ò jọ ti orí C of O, wọ́n á ní ti àbúrò bàbá ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi fídíò bá bàbá sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọọ̀kì Canada ò dáa lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà báyìí, wọ́n sì tún ti gbé ilé kan náà sórí Facebook pé Awolowo Avenue ló wà, irọ́ ni. Ẹni tó bá ti sanwó, kó tètè kàn sí báǹkì ẹ̀ lónìí, kó sì gba ọ́fíìsì EFCC lọ ní Ìyágankú, kó mú rìsíìtì transfer dání, kó má sì pa chat rẹ́ rárá, bó ti wù kínú bí i tó.