Ìsinmi Kérésìmesì lórí kẹ̀kẹ́ ológeere: Florida Keys ni tàbí etíkun California?

Ẹni tó ń gbé ní Chicago tàbí Toronto, tó sì fẹ́ fi ọjọ́ mélòó kan láàárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun gun kẹ̀kẹ́ ológeere pẹ̀lú ọ̀wọ́ èèyàn, nínú irú ìrìn-àjò tí wọ́n máa ń polówó, tí à ń sanwó fún, yóò ní láti kọrí sí ibi tí yìnyín kò sí. Ọ̀nà méjì tó yẹ kí ó gbé yẹ̀ wò ni Florida Keys, àwọn erékùṣù kéékèèké tí afárá so pọ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Florida, láti Key Largo dé Key West, àti etíkun California, láti Santa Barbara dé San Diego. Ẹni tó lè sùn nínú àgọ́ ni a kọ ìfiwéra yìí fún, nítorí pé owó òtẹ́ẹ̀lì lásìkò ọdún, pàápàá ní Key West, kò ṣeé fẹnu sọ.

Ní ti ojú ọ̀nà, Florida ló rọrùn jù. Nǹkan bí 100 máìlì ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, àfi ibi tí afárá bá ti ga sókè. Ojú irin tí Henry Flagler, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò kan, là dé Key West ní 1912 ló ṣáájú rẹ̀. Ìjì líle ọdún 1935 bà á jẹ́, títì ọkọ̀ sì rọ́pò rẹ̀ ní 1938. Ìdí nìyí tí àwọn afárá àtijọ́ fi ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, tí a sì ti sọ díẹ̀ nínú wọn di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ yìí kò tíì so pọ̀ tán. Lórí Seven Mile Bridge, afárá gígùn kan lójú ọ̀nà náà, etí títì ni ẹ ó gbà, ọkọ̀ yóò sì máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, nítorí náà kí ẹni tí ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà béèrè bóyá ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀wọ́ náà lè gbé òun kọjá.

Ti California gùn ju 200 máìlì lọ. Etí títì fún ní ibi púpọ̀ ní Malibu, òkè Torrey Pines sì ń dúró de yín nígbà tí ẹ bá ti ń sún mọ́ San Diego. Láàárín méjèèjì ni Camp Pendleton wà, ibùdó àwọn ọmọ ogun, tí oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó gba inú rẹ̀ kọjá. Olórí ọ̀wọ́ tí kò bá lè sọ ètò tó ṣe lórí èyí, èmi kò ní fowó mi lé e lọ́wọ́.

Ojú ọjọ́ náà gbè sẹ́yìn Florida. Ọ̀sán Key West máa ń tó ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius lóṣù Kejìlá, nígbà tí òru etíkun California lè bọ́ sí 10 tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì jẹ́ àsìkò òjò wọn. Oòrùn máa ń wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù ní Los Angeles. Ìpolówó tó bá ṣèlérí 65 máìlì lójúmọ́ níbẹ̀ ń sọ fún yín pé ẹ ó pàgọ́ nínú òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ owó ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ní Florida, àwọn èèyàn máa ń gba ibi àgọ́ nínú ọgbà ìjọba bíi Bahia Honda àti Curry Hammock sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, nítorí náà, bí ẹ bá rí ìpolówó lóṣù Kọkànlá, ẹ béèrè orúkọ ibi tí wọ́n ti gbà fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba ní California ní àyè olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ dé, láìgbà á sílẹ̀. Àyè náà kéré, kò sì lè gba ọ̀wọ́ èèyàn méjìlá. Ọ̀wọ́ tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ibi tirẹ̀. Adventure Cycling Association ti Missoula, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìnrìn-àjò ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1973, ti pẹ́ tí ó ti ń fi ẹni tí yóò gbé ẹrù ya ìrìn-àjò kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ó sì yẹ kí ẹ wò ó bẹ́ẹ̀. Ìrìn-àjò tí oníkẹ̀kẹ́ ti ń gbé ẹrù ara rẹ̀ máa ń dà bí èyí tó pọ́ọ́kú, títí ẹ ó fi ra àpò ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, àgọ́ àti sítóòfù. Bí ẹ kò bá ní nǹkan wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, èyí tí ọkọ̀ ń gbé ẹrù lè dínwó jù ú lọ.

Ẹ tún ka owó ìpadàbọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú irin Pacific Surfliner ń gbé kẹ̀kẹ́ láti San Diego padà sí Santa Barbara, bí ẹ bá ti gba àyè fún kẹ̀kẹ́ náà. Key West ní tirẹ̀ ni òpin ọ̀nà, owó ọkọ̀ padà sí Miami sì lè má sí nínú iye tí wọ́n kọ.

Lójú tèmi, kí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ mú Florida, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Kí ẹni tó ní àgọ́ tirẹ̀, tí òkè kò sì bà lẹ́rù, mú California. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ béèrè iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó gbéra, àti ọjọ́ tí wọn yóò dá owó padà bí wọn kò bá pé, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.