Ìsinmi Tó Ń Tẹ̀lé Tour de France: Kí Ni Owó Yín Ń Rà Gan-an?

Ọ̀fẹ́ ni wíwo Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé. Ẹnikẹ́ni ló lè dúró sẹ́bàá títì, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í léèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, lóṣù Keje ọdọọdún, àwọn èèyàn ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò fún àwọn ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò kí wọ́n lè kó wọn tẹ̀lé ìdíje náà fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ, kí àwọn náà sì gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn òkè rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rà ni ẹni tó mọ aago tí ọlọ́pàá yóò ti ọ̀nà, tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀sì sí tí kò fi ní há, tó sì ti gba yàrá sí ẹsẹ̀ òkè nígbà tí yàrá ṣì wà. Èyí ni kí ẹ fi díwọ̀n irú ìsinmi yìí. Ọtí wáìnì àti ẹ̀wù ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ìpele 21, ọjọ́ kan fún ìpele kan, ni ìdíje náà ní láàárín ọjọ́ 23, ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìsinmi. ASO tó ń ṣètò rẹ̀ máa ń kéde ọ̀nà tó máa gbà ní oṣù Kẹwàá ọdún tó ṣáájú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi wo irú ìpele tó bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tà fún yín. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, agbo àwọn eléré ń sáré kọjá kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Ẹ ó ti dúró láti àárọ̀, fìrì báyìí, wọ́n ti lọ, gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Lórí òkè, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ṣíwájú pàápàá ń gùn ún ní nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí, àwọn yòókù á ti já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn tó gbẹ̀yìn tó dé. Ẹ ó rí ojú wọn, ẹ ó gbọ́ mímí wọn. Ìpele tí kálukú ń dá sáré tirẹ̀ tún wà, níbi tí wọ́n ti ń tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì síra wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í pariwo ìyẹn nínú ìpolówó, bẹ́ẹ̀ ó sì dára gan-an fún ẹni tó fẹ́ wo eléré dáadáa, torí odindi ọ̀sán ni ẹ ó fi máa rí wọn.

Lẹ́yìn ìpele, ibi tí ẹ máa sùn ló kàn. “Nítòsí Alpe d'Huez” lè túmọ̀ sí Bourg-d'Oisans, tó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà gan-an, ó sì tún lè túmọ̀ sí Grenoble, tó jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Lọ́jọ́ lásán, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ nínú mọ́tò. Lọ́jọ́ ìdíje, òun ló máa sọ bóyá ẹ ó jẹun alẹ́. Ẹ béèrè orúkọ ìlú tí òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó sanwó. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òun yóò sọ ọ́ fún yín tó bá yá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò tíì gba yàrá kankan.

Ẹ jẹ́ ká lo òkè yẹn náà láti fi ṣàlàyé bí ọjọ́ ìdíje ṣe yẹ kó rí. Ọ̀nà tó gùn ún láti Bourg-d'Oisans jẹ́ kìlómítà 13.8. Ní ìpíndọ́gba, ó ń ga ní mítà 8 lórí mítà 100 kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì le ju ìyẹn lọ, tí àwọn tó bá fi ìtara bẹ̀rẹ̀ fi ń jẹ ìyà kí wọ́n tó dé kọ́nà kẹta. Kọ́nà 21 ló wà níbẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà sí wọn láti 21 nísàlẹ̀ dé 1 lókè. Kọ́nà 7 ni ti àwọn ará Netherlands: orin, ọtí bíà, èéfín aláwọ̀ ọsàn. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kó kọjá níbẹ̀ kíákíá.

Wọ́n máa ń ti irú ọ̀nà báyìí mọ́ mọ́tò láti àárọ̀ kùtù, nígbà mìíràn láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kẹ̀kẹ́ máa ń rọ́nà kọjá fún wákàtí díẹ̀ sí i, àmọ́ ọlọ́pàá tó dúró síbẹ̀ ló láṣẹ. Bó bá ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ á ti gbé yín sórí kẹ̀kẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù. Kò ní mú yín lọ sí ìlà òpin, torí irin ni wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò sì ní lè wọlé. Ibi tó dára ni ìwọ̀n kìlómítà 3 sí 6 sí òpin, níbi tí òkè ṣì le, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ti gba àyè tó ní ibòji, oúnjẹ, tẹlifíṣọ̀n àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ béèrè nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, ẹ má tijú. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ẹ ó lò lórí òkè tí kò ní igi.

Ní bíi wákàtí méjì kí eléré tó dé, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìpolówó á kọjá, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ọdún 1930. Wọ́n á máa ju fìlà, súìtì àti ìdè kọ́kọ́rọ́ sáwọn èèyàn. Ohun tó já sílẹ̀ láàárín títì, ẹ fi í sílẹ̀, mọ́tò mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí ìró hẹlikópítà. Tó bá ti ń sún mọ́ yín, wọ́n dé nìyẹn. Ẹ má kẹ̀yìn sí eléré nítorí fọ́tò. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ìdíje 2021, òǹwòran kan na páálí síwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, kò wo ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ eléré sì ṣubú lura wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ilé-iṣẹ́ tó dáńtọ́. Tí ọkọ̀ tó ń ṣa àwọn tó ti rẹ̀ bá kọjá tán, gbogbo èèyàn á fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́sẹ̀ ń lọ, ọmọdé ń lọ, àwọn eléré fúnra wọn á máa fun fèrè kọjá láàárín èrò kí wọ́n lè dé ibi bọ́ọ̀sì wọn. Afinimọ̀nà tó dáa á dá yín dúró fún bíi wákàtí kan kí ọ̀nà tú díẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ á ní kí ẹ máa sáré bọ̀. Béèyàn bá sì ní kí òun wọ mọ́tò sọ̀kalẹ̀, ó lè di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́ kó tó dé òtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ilé ìdáná àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké ti kógbá wọlé. Ṣé wọ́n ti bá òtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi oúnjẹ pamọ́? Ìbéèrè kékeré ni, àmọ́ èsì rẹ̀ máa sọ púpọ̀ fún yín.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ẹ má ṣe bíi ti eléré. Jíà iwájú tó kéré jù kó ní eyín 34, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn kó ní 32 tàbí 34. Bí wọ́n bá ní eyín 28 ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yá yín, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ mú pẹ́dàlì àti ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín dání, kí ẹ sì wọn gíga rẹ̀ láti àárín ibi tí apá pẹ́dàlì so mọ́ kẹ̀kẹ́ títí dé orí ìjókòó. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ ṣáájú. Bíréèkì onídíìsìkì, èyí tó ń fún àwo irin àárín táyà, ló dára jù. Rímù kábọ́ọ̀nù tí bíréèkì rẹ̀ ń fún rímù lè gbóná kọjá ààlà lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, pàápàá tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láìtú u. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún máa tú u. Ìgò omi méjì, mílílítà 750 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò pọ̀ jù.

Aṣọ òtútù ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Bí a bá gòkè ní mítà 1,000, ooru ń fi bíi dígírì 6 tàbí 7 dínkù, òkè Galibier ní Alps sì ga tó mítà 2,642. Kóòtù tó wà nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kò wúlò tí wọ́n bá ti dá ọkọ̀ náà dúró nísàlẹ̀. Inú àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù yín ni kó wà.

Ìdíje náà fúnra rẹ̀ lè yí padà. Lọ́dún 2016, nítorí atẹ́gùn líle, wọ́n gbé ìlà òpin kúrò ní téńté Mont Ventoux wá sí Chalet Reynard, bíi kìlómítà 6 nísàlẹ̀. Èrò fún pọ̀ síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí alùpùpù fi há, Chris Froome tó ń ṣíwájú ìdíje náà sì fẹsẹ̀ sáré láìsí kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 2019, yìnyín àti ẹrẹ̀ tó ya bo ọ̀nà dá ìpele Tignes dúró lẹ́yìn òkè Iseran. Lọ́dún 2025, àrùn màlúù ló mú kí wọ́n yọ òkè Col des Saisies kúrò nínú ìpele La Plagne. Nítorí náà, ẹ ka ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ̀rọ̀ nípa ìyípadà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dá owó padà, èyí kò sì burú, bí afinimọ̀nà bá ṣáà ní ọ̀nà kejì lápò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ASO fún láṣẹ lè mú yín wọ ibi tí gbogbo èèyàn kì í dé, wọ́n sì lè fi yín sínú mọ́tò tó ń bá ìdíje rìn. Fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ìyẹn gbówó lórí ju bó ṣe dùn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rí eléré bíi Biniam Girmay, ọmọ Ẹritíríà tó gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé (ti ẹni tó kó máàkì jù) lọ́dún 2024, lójúkojú, ẹ lọ sí ibi tí ìpele ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá àwọn bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, ní bíi wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tí a máa yàn? Òru márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ìlú kan ṣoṣo nínú Alps tàbí Pyrenees, kó ní ìpele orí òkè méjì àti ọjọ́ ìsinmi kan, kó má ju èèyàn mẹ́jọ lọ sí afinimọ̀nà kan, kí ẹnì kan sì máa wakọ̀ nígbà tí èkejì ń bá yín gun kẹ̀kẹ́. Èyí tó ń lé ìdíje náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, inú mọ́tò ni ẹ ó ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn èrò lè tẹ̀lé Tour de France Femmes, ti àwọn obìnrin, tó ń wáyé lẹ́yìn ti ọkùnrin. Òkè kan náà ni wọ́n ń gùn lọ́pọ̀ ìgbà: Alpe d'Huez ni ti 2024 parí sí, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré sì ni Kasia Niewiadoma fi borí.

Ẹni tó bá nílò físà Schengen lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kó má sì dín ní ọjọ́ 15. Ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń béèrè gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa bóyá ó kan jàǹbá orí kẹ̀kẹ́, torí ọ̀pọ̀ kò kàn án. Kí ẹ sì wo ibi tí ìdíje ti máa bẹ̀rẹ̀: Barcelona ni ti 2026, físà Schengen tó o, Edinburgh ni ti 2027, ìyẹn ń fẹ́ físà Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀.