War of the Ring: ohun tó kù tí Saruman lè ṣe ní Orthanc

Nínú War of the Ring, eré orí pátákó tí wọ́n gbé ka ìtàn The Lord of the Rings, ẹ̀dà kejì tí Ares Games ṣe, dáìsì 7 ni ẹgbẹ́ Òjìji, ìyẹn ẹgbẹ́ Sauron, fi ń bẹ̀rẹ̀, 4 péré ni ti alátakò wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó bá di Òjìji mú ló máa ń fi ọwọ́ ara wọn ba ti Saruman jẹ́, ọ̀dàlẹ̀ inú ilé ìṣọ́ Orthanc.

Dáìsì ìkógunjọ méjì, ìyẹn dáìsì tó dojú ìkógunjọ sókè, ló ń náni láti gbé e wọlé: ọ̀kan láti ti Isengard, ìlú Saruman, wọ ogun, èkejì láti gbé òun gan-an sórí pátákó. Dáìsì kan á kún ti yín. Àǹfààní tó tún wà nínú agbára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ohùn Saruman ni pé ìkógunjọ kan ṣoṣo á bí ọmọ ogun mẹ́ta, ní Orthanc, North Dunland àti South Dunland, níbi tí ẹlòmíì ti ń gba méjì. Ẹ sì lè fi í sọ ọmọ ogun lásán méjì ní Orthanc di ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí, tó lágbára ju ọmọ ogun lásán lọ, kò nílò kí Nazgûl, olórí ogun Sauron, ṣáájú wọn, àwọn fúnra wọn ni olórí ara wọn.

Ó parí síbẹ̀. Saruman kì í kúrò ní Orthanc rárá. Kò ráyè sá, kò ráyè bẹ̀bẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ kẹta tó lè sá tọ̀. Ẹni tó dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, àwọn tó ṣe eré yìí sì fi òfin kan ṣoṣo sọ ọ́ yékéyéké. Ohun tó dára jù nínú àpótí náà nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkó gbogbo ogun lọ sí Helm's Deep, odi àwọn ará Rohan, kí Orthanc wá ṣófo. Ẹ má gbàgbé pé wíwọlé Saruman gan-an ń ṣílẹ̀kùn fún Gandalf aláṣọ funfun, oṣó àwọn alátakò yín, bí òun kan náà tó jẹ́ aláṣọ eérú tẹ́lẹ̀ bá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ agbérùka, àwọn tó ń gbé òrùka Sauron lọ. Tí Gandalf aláṣọ funfun bá dé, káàdì mẹ́ta ti àwọn Ent, òmìrán tó dà bí igi, di ewu: wọ́n á ju dáìsì lu àwọn tó wà ní Orthanc, bí kò bá sí ọmọ ogun kankan níbẹ̀ mọ́, Saruman kú, dáìsì rẹ̀ bá a lọ. Bí ọ̀tá bá fi ogun gba Orthanc, àmì ìṣẹ́gun 2 nínú 4 tí wọ́n nílò láti borí ti wọlé nìyẹn.

Ẹ fi ọmọ ogun mẹ́rin sílẹ̀ nílé, ó kéré tán. Kí wọ́n tó dó ti Orthanc ni kí ẹ lo ohùn rẹ̀, torí a kì í kó ọmọ ogun tuntun sínú odi tí wọ́n ti dó tì. Bí ó bá ti pẹ́ jù, ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹ sì fi ogun tó wà níta gba Helm's Deep.

Àbùkù kan dun ni: pupa ni gbogbo ọmọ ogun Òjìji, ìrísí nìkan ni a fi ń mọ ti Isengard yàtọ̀ sí ti Sauron. Ẹ kun ìdí àwọn ti Isengard ní funfun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré.